Ẹ wo abẹ́ síǹkì kí ẹ tó wo ilẹ̀kùn: bí a ṣe ń tún kíṣìnì ilé ṣe kó lè pẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kíṣìnì tuntun yóò pẹ́, kó má wo ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ń dán. Kó ṣí èyí tó wà lábẹ́ síǹkì, kó fọwọ́ kan pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí pákó náà bá ti wú, tí etí rẹ̀ sì ń ṣí, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Láti Ìbàdàn dé Èkó, orí ohun tí àlejò máa rí ni owó kíṣìnì máa ń lọ. Omi ló sì ń ba kíṣìnì jẹ́, ibi tí àlejò kì í wò ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Káfíńtà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ pè, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ìparí ló yẹ kó dé. Ẹ tú ti àtijọ́ kúrò tán, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo rẹ̀ sára ògiri: síǹkì, ibi ìdáná, fìríìjì, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ ṣe bí ẹni ń dáná. Lẹ́yìn ìyẹn ni pulọ́ńbà àti oníṣẹ́ iná á gbẹ́ ògiri, onítáìlì á tẹ̀ lé wọn, káfíńtà á gbé kọ́bọ́ọ̀dù dé, ẹni tó ń gé granite, òkúta tí a ń tẹ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù ilẹ̀, á wá wọn tirẹ̀ níkẹyìn. Bí táìlì bá ṣíwájú páìpù, ẹ máa fọ́ táìlì.

Íǹṣì 36 ni gíga orí kọ́bọ́ọ̀dù tó wọ́pọ̀, láti orí táìlì ilẹ̀ ni ẹ ó sì ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti orí kọ́ńkéré. Ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 24. Láàárín granite àti ìdí kọ́bọ́ọ̀dù òkè, ẹ fi íǹṣì 18 sí 22 sílẹ̀. Kí kọ́bọ́ọ̀dù òkè má jìn ju íǹṣì 14 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa forí gbá a. Ẹni tó ya àwòrán kíṣìnì wọ̀nyí nílùú òyìnbó kò ro ti ẹni tó ń ro àmàlà. Bí ẹ bá gbé ìdáná gáàsì kékeré lé orí íǹṣì 36, tí ẹ tún gbé ìkòkò lé e, ẹnu ìkòkò á ga dé àyà, apá kò sì ní lágbára lórí orógùn. Ẹ jẹ́ kí apá ibẹ̀ rẹlẹ̀ sí íǹṣì 30. Káfíńtà á ní orí kọ́bọ́ọ̀dù kò ní dọ́gba mọ́. Kó má dọ́gba.

Páìpù tí omi ìdọ̀tí síǹkì ń gbà jáde kò gbọ́dọ̀ kéré sí íǹṣì 2 láti ara ògiri síta, kó sì máa dà gẹ̀rẹ́: sẹ̀ntímítà 2.5 fún mítà kan, ìyẹn bí íǹṣì 1 ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Epo pupa ló fa gbogbo ìṣọ́ra yìí. Bó bá gbóná, á ṣàn wọlé. Bó bá tutù, á dì mọ́ ara páìpù, àjẹkù oúnjẹ á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí páìpù bá ti fẹ́ yà, ẹ lo elbow onídígírì 45 méjì dípò onídígírì 90 kan. Lábẹ́ síǹkì, ẹ má gba páìpù rírọ̀ oníhà-ihà tí àwọn pulọ́ńbà fẹ́ràn nítorí pé ó rọrùn láti tẹ̀. Àwọn ihà yẹn gan-an ni ọ̀rá ń sá pamọ́ sí. Ẹ ní kí wọ́n fi U-trap gidi, páìpù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, sí i. Omi tó ń dúró nínú rẹ̀ ló ń dínà mọ́ òórùn àti aáyán. Níta, kí omi kọ́kọ́ wọ kòtò kékeré onídèérí kan kó tó lọ sí sókàwéè. Ẹnu páìpù tó ń jáde kúrò nínú kòtò náà gbọ́dọ̀ wọ inú omi dáadáa, torí òkè ni ọ̀rá ń léfòó sí, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti máa kó o. Kí wọ́n tó lẹ táìlì, ẹ dí páìpù náà níta, ẹ bu omi kún un, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Ti táàpù náà ń fẹ́ àròjinlẹ̀. Táńkì tó bá fi mítà 3 ga ju táàpù lọ, agbára omi rẹ̀ kò ju 0.3 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì). Mixer, táàpù tó ń po omi gbígbóná mọ́ tútù, tó jẹ́ olówó ńlá tí wọ́n ṣe fún 1 bar sókè á kàn máa sun omi tíntìntín. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tó lè ṣiṣẹ́ láti 0.1 tàbí 0.2 bar ni ẹ ń wá.

Ní ti iná, kẹ́tù 3,000 watt nìkan ń fa ju ampere 12 lọ. Bí microwave àti air fryer bá wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, breaker, ohun tó ń gé iná bó bá pọ̀ jù fún wáyà, á máa já. Bí oníṣẹ́ iná bá wá fi breaker tó tóbi jù rọ́pò rẹ̀ kó má baà já mọ́, inú ògiri ni wáyà á ti máa gbóná. Ẹ pín sọ́kẹ́ẹ̀tì orí kọ́bọ́ọ̀dù sí ọ̀nà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà 2.5 mm tirẹ̀ àti breaker ampere 20. Oven oníná ń fẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, 6 mm pẹ̀lú breaker ampere 32. Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì jìnnà sí síǹkì ní íǹṣì 12 ó kéré tán. Ẹni tó ní inverter, kí fìríìjì àti gílóòbù wà lórí rẹ̀, kí kẹ́tù má dé ibẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ táìlì kò pọ̀. Kíṣìnì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó gùn ní 12, jẹ́ bí mítà onígun mẹ́rin 11.2. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un nítorí gígé àti fífọ́, ó di bí 12.3. Páálí táìlì 60 sí 60 tó ní mẹ́rin nínú ń tẹ́ 1.44, páálí 9 ni ẹ ó rà nìyẹn, kí nọ́ńbà tó wà lára gbogbo páálí sì bára mu kí àwọ̀ wọn má baà yàtọ̀. Èyí tí kò dán ni kí ẹ rà fún ilẹ̀. Táìlì porcelain kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi, nítorí náà símẹ́ǹtì lásán kì í dì í mú dáadáa. Gọ́ọ̀mù táìlì ni kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi owó wẹ́wẹ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún òfìfo, ẹ ní kí wọ́n tún un lẹ̀.

Pákó ni ẹ̀tàn pọ̀ sí jù. MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, dán, ó rọrùn láti kùn, ṣùgbọ́n bó bá mu omi, ó ń wú, kì í sì í padà sípò. HDF, irú rẹ̀ tó le jù ú lọ, aláràbarà inú ọjà, dára fún ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù òkè. Fún abẹ́ síǹkì, marine plywood, pákó onípele tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í tú nínú omi, tó nípọn mílímítà 18 ni, kò sí àfidípò. Pákó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 kan yóò fún yín ní apá 6 tó jẹ́ íǹṣì 30 sí 22, tí a bá gé e ní ìlà méjì gígùn, tí a sì gé ìlà kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta. Ìyẹn á tó ìhà méjì àti ìsàlẹ̀ fún kọ́bọ́ọ̀dù ilẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn àti ilẹ̀kùn kò sí nínú rẹ̀.

Etí tí ayùn gé ni omi ń gbà wọlé. Káfíńtà máa ń lẹ téèpù etí síwájú nìkan, torí pé ìyẹn ló hàn. Ẹ ní kó lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn, kó sì fi silicone, gọ́ọ̀mù rírọ̀ tó ń dínà mọ́ omi, dí ẹnu ihò tí páìpù gbà kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, kí pákó má fara kan ilẹ̀. Ní ilé tí wọ́n ti ń bu omi sílẹ̀ fọ kíṣìnì, kọ́bọ́ọ̀dù tó jókòó sórí táìlì kò ní pẹ́ tí yóò fi jẹrà, ikán náà á sì rọ́nà gbà. Ẹsẹ̀ rọ́bà onísíkúrúù tó ga ní íǹṣì 5 ni kí ẹ gbé e lé. Ẹ lè máa yí i títí gbogbo orí kọ́bọ́ọ̀dù á fi tẹ́jú. Ohun tí ẹ fi bo iwájú ẹsẹ̀ náà, kó jẹ́ ike PVC.

Kíkọ́ kọ́bọ́ọ̀dù òkè sára bùlọ́ọ̀kù oníhò ló máa ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀. Bí bíìtì, irin tí wọ́n fi ń lu ògiri, bá kàn ṣàdédé wọlé wọ̀ọ̀, inú ihò bùlọ́ọ̀kù lẹ dé yẹn, plug tí síkúrúù ń wọ̀ kò ní rí nǹkan dì mú. Ẹ sún íǹṣì 2 tàbí 3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí bíìtì á fi máa rí nǹkan jẹ. Ohun tó dára jù ni kí ẹ kọ́kọ́ kan igi líle kan mọ́ ògiri láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, níbi tó le nìkan, kí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù sì rọ̀ sára rẹ̀. Àwo tánganran wúwo ju bí a ṣe rò lọ.

Granite mílímítà 20 wúwo tó kìlógíráàmù 54 fún mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 2 yóò tó bí 80. Ìdúró ni kí wọ́n gbé e, kí wọ́n má gbé e ní ìdùbúlẹ̀, torí ibi tí wọ́n gé fún síǹkì ló máa ń sán. Ẹ ní kí wọ́n fi ayùn la ojú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ etí iwájú rẹ̀. Omi tó bá ṣàn dé ibẹ̀ á kán sílẹ̀ dípò kó yí padà sórí ilẹ̀kùn. Láàárín granite àti ògiri, àti yíká síǹkì, silicone ni, kì í ṣe símẹ́ǹtì funfun tó máa ń sán. Kí omi má kàn án fún wákàtí 24. Granite aláwọ̀ funfun ń mu epo pupa bí kò bá ní sealer, oògùn tó ń dí ojú òkúta, lára.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò, ilẹ̀ ló ń rá mọ́, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ tì pa gan-an. Ìta ni sílíńdà yẹ, lábẹ́ ìbòòji, kí rọ́bà rẹ̀ gba inú páìpù kékeré kan la ògiri kọjá kí símẹ́ǹtì má baà gé e. Ẹ fi omi ọṣẹ ra gbogbo oríkèé, láti ẹnu sílíńdà dé ìdí ìdáná, kí ẹ tó ṣáná sí ìdáná rárá. Bí ibì kan bá ń hó, ẹ ti sílíńdà, ẹ tún ibẹ̀ dì, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ ra á lẹ́ẹ̀kan sí i.