Ohun tí nọ́ọ̀sì lè ṣe kí màdáámù tó fura

Nínú iṣẹ́ ìlera àwùjọ tó ń dènà fífi ènìyàn ṣòwò ẹrú, ìwọ́de àti báńà ló máa ń tètè rí owó gbà. Wọ́n ní àyè tiwọn. Àmọ́ ní Àkúrẹ́, tó wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Ọ̀wọ̀ sí Bìní, ilé ìwòsàn alábọ́dé ni iṣẹ́ gidi wà. Ẹni tí wọ́n ti gba fóònù rẹ̀, tí wọn kì í jẹ́ kó dá jáde, wọ́n ṣì máa ń mú un wá gba abẹ́rẹ́ bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀. Òkú kò lè ṣiṣẹ́ fún wọn.

Àmì tí nọ́ọ̀sì máa wò kò pọ̀. Ẹni tó mú un wá ló ń dáhùn gbogbo ìbéèrè. Kò mọ orúkọ àdúgbò tó ń gbé. Ọgbẹ́ ti pẹ́ lára rẹ̀. Ọjọ́ orí tó pè kò bá ojú rẹ̀ mu. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kì í ṣe ẹ̀rí. Ìtìjú lásán ni ti ẹlòmíràn.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni yíyà wọ́n sọ́tọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bọ́ síta, mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀", màdáámù, ìyẹn obìnrin tó ń fi í ṣòwò, ti fura nìyẹn, kò sì ní mú un padà wá mọ́. Kí ó jẹ́ òfin pé gbogbo aláìsàn, ì báà ṣe olorì, ló ń dá wọ yàrá òṣùwọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń wọn ìwọ̀n ara. Bí kò bá gbọ́ Yorùbá, kí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ṣe ògbufọ̀, kì í ṣe ẹni tó mú un wá.

Ìbéèrè tó ṣe kókó: "Ta ló ń gba owó iṣẹ́ rẹ? Bó o bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ́la, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ṣé wọ́n mú ọ búra?" Ìbúra tí wọ́n fi ń de ènìyàn mọ́ iṣẹ́ náà kì í ṣe àwàdà o. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Bìní tú irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ká. Kí nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún un. Bí nọ́ọ̀sì bá fi ìbúra náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Bí wọ́n bá ti fipá bá a lò pọ̀, oògùn tí kò ní jẹ́ kí HIV ràn án gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, ọjọ́ 28 ni yóò sì fi lò ó. Ti ìdènà oyún kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 120. Ẹ má kó oògùn lé màdáámù lọ́wọ́. Ẹ má sì kọ ìfura sórí káàdì, torí òun ló ń mú káàdì lọ sílé. Inú fáìlì tó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni kó wà.

Bí kò bá tíì pé ọdún 18, ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, lórí 627. Pé ọmọ gbà láti tẹ̀ lé wọn kì í ṣe àwíjàre lábẹ́ òfin. Òfin ọdún 2015 tó lòdì sí fífi ènìyàn ṣòwò kò sì gbà kí a fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, bó ti wù kí ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i tó. Àgbàlagbà ló ni ìpinnu tirẹ̀. Bó bá kọ̀, kó há 627 sórí. Ẹ má kọ ọ́ síwèé fún un. Ẹ má bá màdáámù jà.

Bí ẹ bá ṣàbẹ̀wò sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá yàrá òṣùwọ̀n ní ilẹ̀kùn tó ń tì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kọ́tíìnì ni. Bí owó ilẹ̀kùn kò bá sí, ẹ gbé òṣùwọ̀n lọ sí yàrá oògùn.