Orúnkún Tó Pá Bí Orí

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń ṣe ní Àkúrẹ́, láti èdè Jámánì sí Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àwọn dókítà ló sì ń dé ọwọ́ mi jù lọ. Ẹni tó gba ìtọ́jú lọ́hùn-ún a máa kó ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ bọ̀ wálé, dókítà tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níbí kò sì gbọ́ èdè náà. Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn jẹ́ ti màmá kan ní Ìjàpọ̀. Orí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dá lé, ọ̀rọ̀ náà Knorpel ló sì kún inú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Knorpel ni kèrékèré, ohun funfun tó ń dán, tó bo orí egungun níbi tí egungun méjì ti pàdé. Ẹni tí kò mọ orúkọ yẹn ti jẹ ẹ́ rí: ara ohun tí à ń pè ní bísíkíìtì bóònù nínú ọbẹ̀ ni. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo lọ sí Ọjà Ọba, mo ní kí alápatà la oríkèé orúnkún màlúù kan fún mi. Mo fi àtàǹpàkò ra ojú kèrékèré náà, ó ń yọ̀ bí abọ́ tánńganran tí omi ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀. Alápatà bi mí pé, “Àǹtí, ṣé ẹ máa rà á ni, àbí ẹ fẹ́ fi ṣe oògùn?” Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń rí kó tó bàjẹ́ ni.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára àwọn dókítà Jámánì ni pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni wọ́n fi ń dárúkọ àrùn. Ìwé màmá ní Knorpelglatze. Apárí ni Glatze: níbi tí kèrékèré ti jẹ tán pátápátá tí egungun sì hàn síta, wọ́n ní ó ti pá. Yorùbá gbọ́ èyí láìsí àlàyé, ṣùgbọ́n dókítà tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì kò retí apárí nínú orúnkún. Full-thickness cartilage defect ló fẹ́ rí, tàbí ipele 4 nínú ìwọ̀n Outerbridge, èyí tí àwọn dókítà fi ń díwọ̀n bí kèrékèré ṣe bàjẹ́ tó, tó jáde ní 1961. Bákan náà ni Gelenkmaus, èkúté inú oríkèé, ìyẹn ègé tó já tó ń sá kiri. Loose body ni mo kọ. Ti ọ̀nà ọ̀fun ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: Schildknorpel ni kèrékèré asà, thyroid tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é náà kò ju asà lọ, aṣọ Gíríìkì ni wọ́n kàn dà bò ó.

Gelenkspaltverschmälerung gùn bí ọ̀nà Ọ̀wọ̀, síbẹ̀ kò ṣòro: kèrékèré kì í hàn nínú X-ray, nítorí náà àlàfo àárín egungun méjèèjì ni wọ́n ń wò bóyá ó ti fún.

Arthrose ni ọ̀fìn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, arthritis ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí, nítorí pé làkúrègbé ni à ń pe gbogbo rẹ̀ nílé wa. Dókítà kan pè mí lórí fóònù, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo ni wọ́n ṣe fún bàbá yìí?” Kò sí ọ̀kankan, wọn kò sì nílò rẹ̀. Èyí tí oríkèé ti ń wú tó ń gbóná ni Jámánì ń pè ní Arthritis, òun ni dókítà náà rò pé wọ́n á ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún. Arthrose ni ti kèrékèré tó ń jẹ, osteoarthritis sì ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló da ọ̀rọ̀ rú, tó fi -itis, ìrù ìgbóná, sí orúkọ àrùn tí ìgbóná kọ́ ni olórí rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo gba owó iṣẹ́, èmi náà ni mo jẹ̀bi.

Nígbà tí mo gbé ìwé màmá lọ fún un, ó ní kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ ní èdè tí òun gbọ́. Mo ní, “Mà, wọ́n ní orúnkún yín ti pá níbì kan.” Ó wo orúnkún náà títí, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, “Orí bàbá ẹ̀yin ọmọ mi ló kọ́kọ́ pá. Mi ò mọ̀ pé ó ń ràn.”