Ímeèlì tó dún ní Tákíé

Mò ń ra ẹ̀lùbọ́ ní Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárọ̀ yìí ni fóònù mi dún, mo rí i pé ímeèlì ni, mo rò pé èsì ádímíṣọ̀n tí mò ń retí láti Amẹ́ríkà ni, àyà mi já, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní "ọmọ mi, ṣé kò sí o?" Mo ṣí i, báńkì ni, wọ́n ń kí mi kú oṣù tuntun. Ẹ gbà mí o!

April 15 ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà fi ṣe gbèdéke fáwọn tí wọ́n bá fún lówó ẹ̀kọ́ másítà tàbí PhD láti fèsì, èmi ò tiẹ̀ tíì gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Aago tiwa ló sì ṣáájú, ọ̀sán tiwọn lalẹ́ wa, n kì í wá tètè sùn mọ́. Màmá mi rò pé ọkọ àfẹ́sọ́nà ni mò ń bá tẹ fóònù lóru.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti retí ádímíṣọ̀n báyìí rí, báwo lẹ ṣe ń rí oorun sùn?