Decussate kì í ṣe àgbélébùú

Mo pé ọdún 15 lẹ́nu iṣẹ́ físíò lóṣù yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń sọ fún ìyàwó aláìsàn pé iṣan inú ọpọlọ ọkọ rẹ̀ "ṣe àgbélébùú". Decussate ló fẹ́ túmọ̀, ìyẹn ni pé iṣan apá òsì àti ti ọ̀tún gba orí ara wọn kọjá sí òdìkejì. Ara mi bù máṣọ. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbọ́ o.

Èkíní, ẹ mọ ìdí ọ̀rọ̀. Decussate wá láti ara decussis, ẹ̀wá àwọn ará Róòmù, tí wọ́n ń kọ ní X: ìlà méjì tó gba orí ara wọn kọjá. Chiasm tẹ́ ẹ kọ́ nípa iṣan ojú, ìyẹn ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé nínú orí, lẹ́tà Gíríìkì tó jọ X yẹn náà ló bí i.

Èkejì, àgbélébùú ni ohun tí a gbé lé ìbú: ọ̀kan dúró lóòró, èkejì dábùú rẹ̀. Ewé efinrin ni ìyẹn ì bá bá mu. Bí ewé méjì bá kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, méjì tó wà lókè wọn á kọjú sí àríwá àti gúúsù. Decussate làwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìyẹn náà.

Ẹ̀kẹta... ẹ jẹ́ n kúkú sọ ohun tójú mi rí.

Mo ṣì wà lọ́dún kejì lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé bàbá kan wá, rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Dókítà, wọ́n ní apá òsì ọpọlọ ni, kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni kò ṣeé gbé?" Ìbéèrè ọlọgbọ́n. Èmi ọ̀mọ̀wé dáhùn pé, "Màmá, àgbélébùú ló wà nísàlẹ̀ ọpọlọ níbẹ̀." Màmá káwọ́ lérí: "Jésù!" Ó di orí òkè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la ò fi rí wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìka bàbá ti ká kò, kò ṣeé tú mọ́.

Ọ̀gá mi ò pè mí sẹ́yìn. Níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ti ní, "Wòlíì, ẹ káàbọ̀." Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi fún ọdún mẹ́ta. Mi ò tíì dárí jì í tán, torí mi ò rí i rí kí òun náà ṣàlàyé nǹkan kan fún aláìsàn ní Yorùbá.

Ní báyìí, màá na ọwọ́ mi méjèèjì, màá gbé ọrùn ọwọ́ kan lé èkejì: "Ẹ wò ó, ti òsì ti bọ́ sí ọ̀tún." Níbi tí ọpọlọ ti fẹ́ wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, nǹkan bí 90 nínú 100 fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ lọ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì pè é ní oríta o. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, bàbá kan ní ta ló gbé ẹbọ síbẹ̀.