Ẹ Má Gé Igi Àdán

Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Òṣogbo, sányán ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní kí ló dé tó wọ́n tó báyìí, mo máa ń sọ fún un pé ọ̀dọ̀ àfòpiná la ti rí i. Kí àfòpiná yẹn tó hu ìyẹ́, kòkòrò onírun ni, ewé igi bí arère ló ń jẹ. Ọ̀pọ̀ wọn á jọ hun ilé kan ṣoṣo sára igi, wọn á sì kó wọ inú rẹ̀. Ilé yẹn ni wọ́n ń sè títí á fi rọ̀, kí wọ́n tó ran án bí òwú. Àwọ̀ tó bá wá láti inú igbó náà ni àwọ̀ sányán; wọn kì í rẹ ẹ́ láró.

Kò sẹ́ni tó ń bú àfòpiná yìí ládùúgbò wa. Àdán ni wọ́n ń bú. Wọ́n ní ìgbẹ́ rẹ̀ ń ba páànù jẹ́, wọ́n ní àjẹ́ ló ń rán an, wọ́n wá ní kí a gé igi ńlá tó ń sùn sí lọ́sàn-án. Ti ìgbẹ́, òótọ́ ni. Ti àjẹ́, mi ò gbà rárá.

Àdán ńlá ni, èyí tó kún ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Kì í jẹ kòkòrò. Àwọn àdán kékeré inú àjà ló ń fi ohùn dọdẹ àfòpiná lókùnkùn. Ojú àti imú ni tiwa fi ń wá èso. Á jẹ èso ìrókò lóru, á gbéra lọ jìnnà, á sì yàgbẹ́ kóró rẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní gbin ìrókò sí láéláé. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lọ́dún, nítorí náà bí a bá pa wọ́n, kì í yá wọn láti pọ̀ padà.

Mi ò ní kí ẹ fọwọ́ kàn án o. Lọ́dún 1956, ara irú àdán yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n fi orúkọ Èkó pè. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń hun òwú náà kò mọ́ kanlẹ̀: irú rẹ̀ kan wà tí àwọn èèyàn ń yan jẹ, tó máa ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara, tí ẹni tí oúnjẹ ò ṣara lóore fún á fi máa gbọ̀n, tí kò ní lè rìn dáadáa. A ò torí ìyẹn sọ pé ká gé arère.

Mo ti bá bàbá alága àwọn lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n gé ẹ̀ka tó yọ sórí páànù nìkan, kí ìyókù igi náà dúró. Bó bá jẹ́ owó ẹni tó máa gé ẹ̀ka ló kù, èmi á san án.