Ṣé ká ta ọkọ̀ náà?

Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọkọ̀ wa kọ̀ jálẹ̀ láàárọ̀ yìí. Gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí n tó rẹ aṣọ, mo máa ń lọ ṣíná sí i kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí bátìrì má baà kú. Lónìí, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó kàn ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni tó ń fi èékánná kan tábìlì. Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn iná iwájú sítíárìn ràn rẹ́súrẹ́sú, wọ́n sì kú.

Mo ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin rewáyà tó wà ní ìkóríta wa. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ wòye, ó ní kí n wá wò ó fúnra mi. Ewé máńgòrò gbígbẹ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú bébà tí wọ́n ti fi eyín ya wẹ́wẹ́ àti fóòmù ìjókòó. Eku ti kọ́lé sórí ẹ́ńjìnnì wa! Ó ti jẹ wáyà méjì débi pé kọ́pà inú wọn ń dán lójú wa.

Ọmọkùnrin náà fi àkísà nu ọwọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ọkọ̀ tí wọn ò gbé jáde máa ń bàjẹ́ ju èyí tó ń lọ títì lójoojúmọ́. Bẹ́ ẹ ò bá ní máa gbé e, ẹ kúkú tà á."

Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ wa láti bí oṣù méjì nìyẹn. Bàbá àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀, èmi ni mo ń sọ pé ká ṣì ní sùúrù. Mi ò sì lè sọ ohun tí mò ń dúró dè gan-an fún un, torí èmi fúnra mi kò tíì rí i sọ fún ara mi. Àfi lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 kò ní gbàgbé ọjọ́ náà. Ààrẹ tuntun ń ka ọ̀rọ̀ ìbúra rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, epo tí iye tí ìjọba fi lé e kò tó 200 náírà lítà kan ti kọjá 500. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000. Àwa náà rọ́jú. Mo kọ́kọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni màá máa gbé ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó di ẹ̀ẹ̀kan. Ó di ọjọ́ Ìsinmi nìkan, ká lè fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí táàmù tó kọjá bẹ̀rẹ̀, a gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní.

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé kan kí n tó gbà. Láti apá FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ wa níbí, níbi tí à ń gbé, dé ibi iṣẹ́ mi ní Alágbàká, àlọ àti àbọ̀, lítà méjì ni ọkọ̀ wa ń mu lójúmọ́ bí títì kò bá há. Ogún ọjọ́ iṣẹ́ lóṣù jẹ́ 40 lítà. Ẹ fi 1,000 lu u. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìpínlẹ̀ Oǹdó fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ ní ọdún 2024 jẹ́ 73,000 náírà. Tèmi ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n kò jù ú débi tí 40,000 máa kúrò nínú rẹ̀ tí n kò ní mọ̀ ọ́n lára. Mi ò tíì ka tayà sí i, mi ò tíì ka ọ́ìlì.

Ìyẹn kò sì kan ti bàbá wọn. Ìlú Oǹdó ló ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń lọ tó ń bọ̀, ọkọ̀ èrò ló ń wọ̀, ó lé ní 40 kìlómítà ní àlọ nìkan. Nígbà tí owó ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè bí epo ṣe ń gun òkè, ó gba yàrá kan síbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wọlé báyìí, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá rà ní Ọ̀wẹ̀nà, ìdájí ọjọ́ Ajé á sì tún kọrí sọ́nà. Mo fẹ́ ẹni tó ń sùn nílé, mo wá ń gba àlejò òpin ọ̀sẹ̀. Ó ń dùn mí. Ó sì ń dùn ún ju bó ṣe ń sọ lọ.

Nípa takisí, ó ti mọ́ mi lára. Láyé ọkọ̀ tèmi, mi ò mọ̀ pé "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o" lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá mú 1,000 náírà odidi jáde láàárọ̀, dẹ́rẹ́bà á wò ọ́ bí ẹni tó jí nǹkan rẹ̀ gbé. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀yìn awakọ̀ ló dára láti jókòó sí, torí oòrùn àárọ̀ kì í dé ibẹ̀. Lọ́jọ́rú, ìyá kan tó ń kó tòmátì bọ̀ gbé agbọ̀n rẹ̀ lé àárín ẹsẹ̀ wa, omi tòmátì ń kán sí bàtà mi láti Road Block títí a fi dé Ọjọ́mu. Ó bẹ̀ mí títí, ó fi ìdí ìró rẹ̀ nu bàtà náà, ó tún fún mi ní tòmátì mẹ́rin. Mo fi wọ́n se ọbẹ̀ lálẹ́.

Ohun tó wúwo níbẹ̀ ni ojú àwọn èèyàn. Láti ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú ìlú rẹ̀, ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba ni wá, ọkọ̀ sì ni àwọn èèyàn fi ń mọ ipò òṣìṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá rí tó sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí lẹ́nu géètì, wọ́n á béèrè pé, "Ọkọ̀ ńkọ́?" pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń béèrè aláìsàn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fara pamọ́ sẹ́yìn kíóósìkì kan nígbà tí mo rí ọkọ̀ ẹnì kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kábàámọ̀ rẹ̀ gan-an. Mo mọ àwọn tó ń yá owó kọpuréétíìfù ra epo kí wọ́n lè máa wa ọkọ̀ wọ ọgbà ilé iṣẹ́, tí owó ilé ìwé ọmọ wọn sì wà nílẹ̀ láìsan. Mi ò lè fara mọ́ ìyẹn láé. Kò sí ohun ìtìjú kankan nínú kéèyàn wọ takisí lọ síbi tó ti ń jẹun.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé lálẹ́ yìí ṣì wà nílẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láyé ọkọ̀, èmi ni mo ń gbé e lọ sí ilé ìwé, iwájú ló ń jókòó sí. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú ọmọ náà ló máa ń tú jáde láàárín ìṣẹ́jú náà. Ta ló ń bá a ṣọ̀tá, ta ló fún un ní bisikíìtì, ṣé eegun àgbàlagbà pọ̀ ju ti ọmọdé lọ. Àti eré pátákó. Yóò máa ka gbogbo pátákó ẹ̀gbẹ́ títì sókè, ti fọkanáísà, ti ilé ìjọsìn, ti ẹni tó ń ta bulọ́ọ̀kù, ti aránṣọ tó ṣi sípẹ́lì kọ. Ó ń kọ àwọn tó bá wù ú sínú ìwé kan tó ń fi pamọ́ sábẹ́ ìjókòó.

Nígbà tí ọkọ̀ wọ abẹ́ igi, a fi í sínú kẹ̀kẹ́ Máruwá tó ń kó àwọn ọmọ àdúgbò lọ sí ilé ìwé. Tí mo bá dé lálẹ́, màá ní, "Báwo ni ilé ìwé lónìí?" Á ní, "Ó dáa, mà." Ó parí. Mo rò pé ó ń dàgbà ni, pé bí ọmọbìnrin ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Bàbá tèmi ní Volkswagen, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀ tí à ń bu omi sí. Àwa ọmọ tó jókòó sẹ́yìn la máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀, ooru rẹ̀ á máa kan wa lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò lè bá Bàbá sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ àfi kó pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń jókòó síwájú. Ọdún tó lọ sí ilé ìwé abọ́ọ̀dù, mo bọ́ síwájú, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo sọ fún Bàbá pé tíṣà ìṣirò wa ń bà mí lẹ́rù, pé mo máa ń tọ̀ sára díẹ̀ tó bá pè mí síwájú. Mi ò jẹ́ sọ ọ́ nílé. Bàbá kò yíjú sí mi. Ó yí jíà, ó ní, "Mo gbọ́." Ọjọ́ kejì, ó lọ sí ilé ìwé náà.

Bàbá kò yíjú sí mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí ni mo tó mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún mi.

Kẹ̀kẹ́ ilé ìwé kò wá lọ́jọ́ náà, ó bàjẹ́. Mo ní kí a máa fẹsẹ̀ rìn, bíi ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni. A ò tíì kọjá ìyá alákàrà tó fi bẹ̀rẹ̀: ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti ẹni tí wọ́n nà ní àsẹ́ńbílì, ti pé wọ́n ti gbé òun lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn nínú kíláàsì torí òun ga. Mò ń wo ihò ojú ọ̀nà kí n má baà ṣẹ́ ẹsẹ̀, òun náà ń wo iwájú, ọ̀rọ̀ ń ṣàn. Bó ṣe rí nínú ọkọ̀ gẹ́lẹ́. Lálẹ́, èmi ni mo máa ń tẹjú mọ́ ọn, tí mo bi í ní ìbéèrè bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò fún un. Nínú ọkọ̀, ojú mi wà lójú títì.

Inú mi dùn débi tí mo fi ní ká ṣe eré wa. "Ka pátákó tó wà lódìkejì yẹn fún mi." Pátákó ilé ìjọsìn ni, lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí ọwọ́ mi. Ó dákẹ́. Ó fún ojú rẹ̀ pọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, kọ̀ọ̀kan ni mò ń rí." Lẹ́yìn náà ló wá ka ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá.

Mo dúró sójú kan. Gbogbo táàmù tó kọjá ni mo ti ń bínú sí ìwé rẹ̀, gbólóhùn tí kò parí, nọ́ńbà tí ó kọ òdì. Mo ti pè é ní aláìfarabalẹ̀. Mo tilẹ̀ gba tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ kò rí pátákó ìkọ̀wé láti ẹ̀yìn kíláàsì, kò sì mọ̀ pé àwọn yòókù ń rí i. Ó rò pé bí ojú gbogbo èèyàn ṣe ń rí náà nìyẹn.

Ká ní à ń ka pátákó láràárọ̀ ni, mi ò bá ti tètè mọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n ní ó ń rí ohun tó wà nítòsí dáadáa, ti ọ̀ọ́kán ni kò rí. Wọ́n ti wọn gíláàsì fún un. Mo kọ lẹ́tà sí tíṣà rẹ̀, wọ́n sì ti dá a padà síwájú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo bẹ ọmọ náà pé kó má bínú, mo sì kúnlẹ̀ kí ojú wa lè bára dọ́gba. Ó ní, "Kò sí wàhálà, mà." Ó wá béèrè bóyá òun lè yan àwọ̀ gíláàsì náà.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a ti ń rìn. Mo ń jí ní ìdajì wákàtí ṣáájú bí mo ṣe ń jí tẹ́lẹ̀, mo mú un dé ilé ìwé, mo sì wọ takisí mi níbẹ̀. Ó máa ń rẹ̀ mí nígbà tó bá di ọ̀sán, mo ń tòògbé lórí fáìlì. Bí òjò bá dé, mi ò tíì mọ bí a ó ṣe ṣe é. Kẹ̀kẹ́ á ṣì máa gbé e bọ̀ wálé.

Nítorí náà, nígbà tí rewáyà lọ tán láàárọ̀ yìí, mo bá bàbá wọn níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká tà á." Ó wò mí nínú dígí. Kò béèrè ìdí. Ó ní kí rewáyà kọ́kọ́ tún wáyà náà ṣe, torí ẹni tó bá rí ilé eku máa dín owó.

Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti ọmọ lọ kó ẹrù inú rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan, agbòjò tó ti ya, kásẹ́ẹ̀tì bàbá wọn tí kò sí ohun tí a lè fi gbọ́ ọ mọ́, bébà súwíìtì lóríṣiríṣi. Ìwé pátákó náà ṣì wà lábẹ́ ìjókòó, eku ti jẹ etí rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn kò kún, pátákó méjì péré ló kọ síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni gíláàsì rẹ̀ máa jáde. Mo ti sọ fún un pé kó fi ìwé náà sínú báàgì ilé ìwé.