Owó ọ̀gá rẹwáyà

Mọ́tò mi kọ̀ ní Ajílóṣùn, l'Ádó-Èkìtì níbí. Wọ́n ti ní kí n lọ ra bátìrì tuntun. Ọ̀gá rẹwáyà, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, dé, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́, ó dún ka-ka-ka, ó dẹtí sí i. Kò tú nǹkan kan. Ó tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ bátìrì, ó fa wáyà áàtì, èyí tó so bátìrì mọ́ irin ara mọ́tò, jáde: ó ti dógùn-ún lẹ́nu. Ó fi sáńpépà ha á, ó dè é le. Mọ́tò sítáàtì!

Ó ní owó iṣẹ́ òun jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Ẹnìkan ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ha wáyà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Bátìrì tí n kò rà mọ́ ńkọ́? Gbogbo ọdún tí rẹwáyà yìí fi ń gbé sípánà fún ọ̀gá rẹ̀ kó tó ṣe fíríidọ̀mù, ta ló san án fún un? Mo sanwó rẹ̀ pé, n kò dúnàádúrà.